Kí Ló Ń Jẹ Yìnyín Orí Òkè Kilimanjaro?

Alága ìpàdé, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin tí ẹ ti ọ̀nà jíjìn wá, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún mọ́ iwájú, nítorí àwòrán tí mo gbé wá kò tóbi.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí òjò dídì, odò yìnyín àti àyípadà ojú ọjọ́ lórí àwọn òkè gíga. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn: kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú òjò dídì? Àwa tó jẹ́ pé yìnyín tó bá bọ́ nínú òjò àkọ́rọ̀ làwọn ọmọdé ń sáré ṣà! Èsì mi kò gùn. Odò yìnyín, ìyẹn yìnyín ńlá tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, wà nílẹ̀ Adúláwọ̀ wa níbí, ibi mẹ́ta péré ló sì wà: Kilimanjaro ní Tanzania, tó ga ní mítà 5,895; òkè Kenya, tí ṣóńṣó rẹ̀ ga ní mítà 5,199; àti Rwenzori ní ààlà Uganda àti Congo, tó ga ní mítà 5,109. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, níbi tí oòrùn ti ń ranni lórí ganrínganrín.

Nígbà tí Johannes Rebmann, oníwàásù ọmọ Jámánì, kọ̀wé ní 1848 pé òun rí òjò dídì lórí Kilimanjaro, àwọn onímọ̀ kan ní London kò gbà. William Desborough Cooley, tí kò fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí, ta kú pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jókòó sílé ń bá ẹni tó fojú rí i jiyàn! Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, nítorí àwa náà ń ṣe é. Àwòrán méjì la máa ń rí lórí fóònù, ọ̀kan funfun báláú, èkejì ṣú dùdù, ojú ẹsẹ̀ la sì ti dájọ́ pé ooru ló yọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: kí á tó dárúkọ ẹni tó ń jẹ yìnyín, ká kọ́kọ́ wọn yìnyín náà.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí rẹ̀ bọ̀.

Òjò dídì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ kò wúwo. Ẹ mú àpótí kan tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní fífẹ̀, mítà kan ní gíga. Tí ẹ bá bu omi kún un, omi náà á wọn kílógíráàmù 1,000. Tí ẹ bá bu òjò dídì tuntun kún un, ẹ lè máà rí ju 50 sí 100 lọ, torí afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, òjò dídì náà á máa fún pọ̀, á di 200, á di 300. Èyí tó bá la ọdún kọjá láì yọ́, tí tuntun tún ń bọ́ lé e lórí, á wọ 400, á máa bá a lọ sí 800. Nígbà tó bá fi máa sún mọ́ 900, afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ti há síbẹ̀, kò rọ́nà jáde mọ́. Ìgbà náà ló tó di yìnyín gidi. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Tí yìnyín náà bá wá nípọn tó, ìwúwo ara rẹ̀ á máa tì í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kódà tí ojú kò bá rí i. Òun la ń pè ní odò yìnyín. Èyí tí kò bá rìn mọ́ ti kú, bó tilẹ̀ ṣì ń dán lókèèrè.

Ẹ fi 900 yẹn sọ́kàn, a ó lò ó láìpẹ́.

Mo wá dé orí iṣẹ́ gan-an. Báwo la ṣe ń wọn yìnyín tó ń tán? Ẹ lè máa retí pé n óò dárúkọ ẹ̀rọ olówó iyebíye. Ọ̀pá ni. Ọ̀pá lásán! Ọ̀pá ni Stefan Hastenrath ti Yunifásítì Wisconsin àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi ṣọ́ odò yìnyín Lewis lórí òkè Kenya láti 1978 títí di 1996.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A ó wá ọ̀pá oníke tàbí igi tó jẹ́ mítà méjì méjì, a ó so mẹ́rin pọ̀ kó di mítà 8. Ẹ̀rọ kan wà tó ń se omi, tó sì ń tú ooru omi náà jáde lẹ́nu páìpù. Òun la fi ń lu ihò gbọọrọ sínú yìnyín. A ó ti ọ̀pá náà bọ inú ihò, kó ku díẹ̀ níta. A ó fi tépù wọn ìyókù tó wà níta, láti orí ọ̀pá dé ojú yìnyín, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Pẹ́ńsù la fi ń kọ ọ́ o, torí bírò kì í tẹ̀ nínú òtútù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá padà wá, tí ọ̀pá náà bá ti yọ síta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kì í ṣe ọ̀pá ló ga sí i, yìnyín ló wálẹ̀.

Ó jọ ohun tó rọrùn, àbí? Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Ẹni tó bá lo irin, oòrùn á mú irin náà gbóná, á yọ́ yìnyín ìdí rẹ̀, ọ̀pá á dagun. Ẹni tó bá lo páìpù tí kò fi nǹkan dí ìdí rẹ̀, páìpù náà á máa rì wọlé fúnra rẹ̀, á wá dà bíi pé yìnyín kò dín tó bó ṣe dín. Ẹni tó bá lu ihò tí kò jìn tó, ọ̀pá á wó lulẹ̀ kó tó padà dé. Ohun kan ṣoṣo tó lè kọ ni pé yìnyín tó lọ kò kéré sí gígùn tó rì. Ọ̀pá tó bá dagun, ẹ má fi tépù tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ sì gba nọ́ńbà yẹn bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ bó ṣe dagun tó sílẹ̀ kí ẹ tó nà án ró.

Àmọ́ èyí tó ń tan ènìyàn jẹ jù lọ ni òjò dídì tó bò ojú yìnyín. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ẹ sọ pé ní oṣù kejì ọdún yìí, ọ̀pá yọ síta ní mítà 1.40, yìnyín sì wà ní ìhòòhò. Ní oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀, láti orí ọ̀pá dé ojú òjò dídì jẹ́ mítà 2.10, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbẹ́ òjò dídì yẹn kúrò, mítà 2.30 lẹ óò rí kí ẹ tó kan yìnyín. Ẹni tó bá ń kánjú á yọ 1.40 kúrò nínú 2.10, á ní 0.70, á fi 0.9 (ìyẹn 900 yìnyín tí a fi 1,000 omi pín) sọ ọ́ di omi, á kọ 0.63. Ó ti ṣìṣe. Yìnyín tó lọ jẹ́ mítà 0.90, tí a bá sọ ọ́ di omi, ó jẹ́ 0.81. Òjò dídì tó wọlé nípọn ní mítà 0.20, ṣùgbọ́n kílógíráàmù 300 ni ìwọ̀n tirẹ̀, kì í ṣe 900, omi inú rẹ̀ kò ju 0.06 lọ. Ìyàtọ̀ jẹ́ 0.75. Omi tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 12 ló ti sọnù nínú ìwé ẹni tó kánjú, ó sì lè máà mọ̀ láéláé.

Níbo la ti rí 300 yẹn? A gbẹ́ kòtò ni. Ẹ mú ṣọ́bìrì, ẹ gbẹ́ ẹ títí ẹ ó fi kan yìnyín tàbí ojú ọdún tó kọjá. Eruku dúdú tó tò síbẹ̀ lẹ óò fi dá a mọ̀. Ògiri tí ẹ fẹ́ wọn gbọ́dọ̀ wà nínú òjìji, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ òkè rẹ̀ mọ́lẹ̀, àgàgà àwọn tó ń bá yín ru ẹrù. Ẹ mú agolo irin tó gba sẹ̀ǹtímítà kíúbù 500, ẹ tì í wọ inú ògiri náà ní ìbú, ẹ gé etí rẹ̀ dọ́gba, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n. Tó bá wọn gíráàmù 150, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, 300 náà nìyẹn. Láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ óò máa ṣe é, ìpele dé ìpele, torí ìpele òkè lè jẹ́ 120 kí ti ìsàlẹ̀ sì ti di 380. Ẹni tó bá wọn òkè nìkan, ìwọ̀n òkè ló ní.

Nǹkan kan tún wà tó ya tiwa sọ́tọ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òjò dídì ń wọlé nígbà òtútù, yìnyín ń yọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èèyàn lè wọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kó sì sùn. Ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà kò sí ìgbà òtútù. Ìgbà òjò méjì ló wà níbẹ̀, oṣù kẹta sí ìkarùn-ún àti oṣù kẹwàá sí ìkejìlá, yìnyín sì ń dín ní gbogbo ọdún. Ẹni tó bá lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ò ní mọ̀ bóyá òjò ni kò wá ni tàbí oòrùn ló pọ̀ jù.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká gun Kilimanjaro wàyí.

Ní 1912, yìnyín orí Kibo, tó jẹ́ ṣóńṣó Kilimanjaro, fẹ̀ tó bíi kìlómítà 12 níbùú lóòró. Ní 2011, kò tó 2 mọ́. Ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Lonnie Thompson ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ síbẹ̀ ní 2000, wọ́n fi ẹ̀rọ gé yìnyín gbọọrọ mẹ́fà jáde láti inú rẹ̀, wọ́n ní èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ti lò tó ọdún 11,700. Ní 2002 wọ́n kéde pé bí nǹkan bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, yìnyín náà á tán láàárín 2015 sí 2020. 2015 dé. 2020 dé, ó kọjá lọ. Yìnyín ṣì wà. Àwọn kan wá fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé gbogbo ọ̀rọ̀ àyípadà ojú ọjọ́ irọ́ ni. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ìlà gbọọrọ ni wọ́n fà gba àárín nọ́ńbà ìgbà àtijọ́, tí wọ́n nà án dé òdo. Ìlà kò mọ ohun tó ń pa yìnyín.

Kí ló ń pa á? Ẹ gbọ́ ná. Ìwọ̀n òtútù orí Kibo, tí a bá pín in dọ́gba láàárín ọdún, jẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 7 nísàlẹ̀ òdo. Ó ṣọ̀wọ́n kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbóná kọjá òdo. Báwo ni yìnyín ṣe ń tán níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti gbóná tó láti yọ́ ọ? Ẹ rántí káńfọ̀ tí àwọn ìyá wa máa ń fi sáàárín aṣọ nínú àpótí. Ẹ fi mẹ́rin síbẹ̀, ẹ ṣí i lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó ti kéré, ó ti kéré, ó ti tán. Síbẹ̀ aṣọ kò tutù. Ohun tó ń ṣe apá kan yìnyín Kibo nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ gan-an, yìnyín ń fò lọ sínú rẹ̀ láì kọ́kọ́ di omi.

Ẹ jọ̀wọ́, ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé e gba òdì. Kí yìnyín kílógíráàmù kan tó lè fò lọ bẹ́ẹ̀, ó gba agbára oòrùn tó ju ìlọ́po mẹ́jọ èyí tí yóò fi yọ́ di omi. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń ná agbára oòrùn dànù, yìnyín sì ń rí ọjọ́ mìíràn. Ẹni tó bá ní gbígbẹ yìí nìkan ló ń pa Kibo kò tíì parí ìṣirò rẹ̀. Ohun tó pa á ni pé òjò dídì tuntun kò wá mọ́ bó ṣe ń wá. Òjò dídì tuntun ń dá ìdá 80 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà. Yìnyín àtijọ́ tó dọ̀tí lè máà dá tó 40 padà. Bí òjò dídì bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ́ kó tó dé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni yìnyín á fi gbé oòrùn mì.

Ẹ wá wo àwòrán yìí, etí odò yìnyín Furtwängler lórí Kibo. Ṣé ẹ rí i pé kò dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́? Ògiri ni, ó dúró ṣánṣán, orí eérú òkè iná ló sì jókòó sí. Àwọn ògiri tó pọ̀ jù níbẹ̀ kọjú sí àríwá tàbí gúúsù. Ní apá kan ọdún oòrùn ń kọlu ojú gúúsù, ní apá kejì ojú àríwá. Òjò dídì kò lè dúró lára ògiri, nítorí náà ògiri kì í rí nǹkan gbà láéláé, yóò ṣáà máa pàdánù ni. Oòrùn ọ̀sán lè yọ́ ojú rẹ̀ di omi kódà tí afẹ́fẹ́ bá ṣì tutù ju òdo lọ. Ẹ rí i báyìí pé ọ̀pá tí a gbìn sórí pẹrẹsẹ lókè kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀pá lè sọ pé ọdún yìí dára, kí ògiri sì ti fà sẹ́yìn. Lórí Kibo, ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ gbọ́dọ̀ gbé GPS rìn yí etí yìnyín ká, kó sì ya ògiri náà láti ojú kan náà ní gbogbo ìgbà.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Lórí Kilimanjaro kò rí bẹ́ẹ̀. Òkun Íńdíà ni ká ti wá a. Láti ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń gbé òjò wá. Ní nǹkan bí 1880, ojú ọjọ́ Ìlà Oòrùn Áfíríkà yí padà, ó gbẹ, Adágún Victoria sì fà wálẹ̀ gidigidi. Yìnyín Kibo ti ń sá sẹ́yìn kí ọkọ̀ àti ilé iṣẹ́ ayé tó pọ̀ tó báyìí. Àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí yìnyín náà, Georg Kaser, Thomas Mölg àti Douglas Hardy, ti kọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Hardy yìí wà lára àwọn tó gbé ẹ̀rọ ojú ọjọ́ ka orí yìnyín náà ní oṣù kejì 2000.

Ṣé mo wá ń sọ pé ọwọ́ ọmọ ènìyàn kò sí níbẹ̀? Rárá o. Òkun tó ń gbóná ń yí ọ̀nà òjò padà. Àmọ́ ẹni tó bá ń wá ibi tí ooru ti ń pa yìnyín ní ojúkorojú, kó wo Switzerland: odò yìnyín wọn pàdánù ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2022, wọ́n tún pàdánù 4 ní 2023, ọdún méjì péré! Lewis lórí òkè Kenya kò ga tó Kibo, yíyọ́ sì ní ipa tó tóbi níbẹ̀. Láti 1934 sí 2010, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló lọ, ní 2014 ó sì já sí méjì. Rwenzori, tó lé ní kìlómítà 6 níbùú lóòró ní 1906, kò tó ẹyọ kan ní 2003. Ooru ni àbí ọ̀rinrin? Àwọn onímọ̀ ṣì ń jà á lórí ti Rwenzori. Ibi tí ìjà wà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà fún ẹ̀yin ọ̀dọ́.

Ọ̀rọ̀ omi ló kàn. Wọ́n máa ń sọ pé tí yìnyín Kilimanjaro bá tán, òǹgbẹ á pa àwọn Chagga tó ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kọfí nísàlẹ̀ òkè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yìnyín tó kù kéré jù láti bọ́ odò. Igbó ló ń bọ́ odò. Ní apá gúúsù òkè náà, ní nǹkan bíi mítà 2,200, òjò tó ń rọ̀ lọ́dún lé ní mílímítà 2,000. Lókè igbó yẹn ni igbó igi Erica wà, ewé rẹ̀ wẹ́wẹ́, irun ewéko sì so rọ̀ lára ẹ̀ka rẹ̀. Kùrukùru tó bá gba ibẹ̀ kọjá á fara kan ewé náà, á di omi, á kán sílẹ̀. Iná ló ń pa igbó Erica. Andreas Hemp, onímọ̀ nípa ewéko, ti fi hàn bí iná ṣe ń ti ààlà igbó wálẹ̀ láti 1976 wá, ó sì ní omi kùrukùru tí a pàdánù síbẹ̀ ju omi tí yìnyín ń mú wá lọ. Bí ojú ọjọ́ bá ti gbẹ, iná kékeré tí ẹni tó ń wá oyin fi ń rú èéfín lé oyin ti tó láti jó igbó. Ní oṣù kẹwàá 2020, odidi ọjọ́ mélòó kan ni iná fi jó lórí òkè náà. Nítorí náà, owó tí a fẹ́ fi gba omi là lórí Kilimanjaro, igbó ni kó lọ. Ní Peru, ìdájọ́ mi á yàtọ̀: ní Odò Santa, omi yìnyín ṣe pàtàkì gan-an nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹnì kan ti na ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó fẹ́ béèrè nípa Èkó, mo mọ̀. Yìnyín Kilimanjaro kò lè mú òkun Èkó tàbí ti Cotonou ga sí i ní ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni á mọ̀. Gbogbo odò yìnyín ayé lápapọ̀, láìka àwọn ilẹ̀ yìnyín ńlá ti Greenland àti Antarctica, tí wọ́n bá yọ́ tán, á gbé òkun sókè ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Láàárín 2000 sí 2023 wọ́n ti fi nǹkan bíi mílímítà 18 kún un. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ wá láti Alaska àti àríwá Canada.

Èyí tó kù ni ohun tí ẹ lè ṣe láti ibí, láì gun òkè. Àwòrán sátẹ́láìtì Landsat àti Sentinel-2 wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti Sentinel-2 bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ojúùwọ̀n rẹ̀ tó mú jù, ìyẹn fífẹ̀ ohun tó kéré jù tí àmì kan nínú àwòrán dúró fún, jẹ́ mítà 10, ti Landsat jẹ́ 30. Òjò dídì àti yìnyín ń dá ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé padà púpọ̀, wọ́n sì ń gbé ìmọ́lẹ̀ infrared olójú kúkúrú, tí ojú wa kò lè rí, mì. Ìkúùkù ń dá méjèèjì padà. Ẹ yọ èkejì kúrò lára àkọ́kọ́, ẹ fi àròpọ̀ wọn pín in. Ibi tó bá lé ní 0.4, ẹ kà á sí òjò dídì tàbí yìnyín. Àmọ́ nọ́ńbà yẹn kò mọ òjò dídì àná yàtọ̀ sí yìnyín ẹgbẹ̀rún ọdún! Bí òjò dídì bá bọ́ lálẹ́, gbogbo Kibo á funfun láàárọ̀, ẹ̀rọ yín á sì ní odò yìnyín ti di ìlọ́po mẹ́wàá. Oṣù kìíní àti ìkejì ni kí ẹ ti mú àwòrán, tàbí oṣù keje sí ìkẹsàn-án, ẹ mú tó márùn-ún ní ọdún kan, kí ẹ sì gba ibi tó funfun nínú gbogbo wọn nìkan. Ẹ kíyè sí òjìji ògiri pẹ̀lú, ó máa ń jẹ etí yìnyín lójú àwòrán. Bí iṣẹ́ yín bá sì sọ pé Kibo fẹ̀ ju ti èṣí lọ, ẹ má tíì kéde rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ padà lọ wo ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán náà.

Alága, mo dúpẹ́. Ẹni tó nawọ́ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.